Ọwọ́ Tó Ń Kan Ilẹ̀kùn Opó

Ní abúlé, ilé opó àgbà kì í ṣòro mọ̀: èéfín rẹ̀ kì í tètè yọ láàárọ̀. Bàbá ti papò dà, àwọn ọmọ wà l'Ékòó, oko ti di igbó. Mo kan sáárá sí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ìjọ àti ti mọ́sálásí tó ń tọ́jú irú ìyá bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ náà gba ọgbọ́n. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe kì í ju àpò ìrẹsì sílẹ̀ kó ya fọ́tò. Yóò kúnlẹ̀: "Ẹ kú ilé o, Màmá. Ṣé ẹ jí dáadáa?" Yóò jókòó, ojú rẹ̀ yóò sì máa ṣiṣẹ́: ìkòkò omi ńkọ́? Igi ìdáná? Òrùlé tó ń jò? Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣé ó ti tán? Ó mọ̀ pé ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ ló yẹ ẹnu tí kò léyín mọ́. Bí Màmá bá sì fún un lẹ́yin adìẹ méjì, yóò gbà á tọpẹ́tọpẹ́. (Ta ló fẹ́ máa gbà ṣáá láìfúnni?)

Ìjọba náà ti dá sí i: ní 2011, Ìpínlẹ̀ Èkìtì bẹ̀rẹ̀ sí í san ₦5,000 lóṣù fún àwọn arúgbó aláìní tó ti pé ọdún 65. Owó wúlò, àmọ́ kò lè pọnmi.

Bẹ́ ẹ bá lọ sílé lọ́dún yìí, ẹ yà kí ìyá tó ń dá gbé ládùúgbò yín, kẹ́ ẹ sì pọnmi kún ìkòkò rẹ̀ kẹ́ ẹ tó jáde.