Orí Tí A Mọ, Aṣọ Tí A Sá

Àwọn iṣẹ́ ọnà kan wà tí kì í ṣe ẹwà wọn ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò, bí kò ṣe ẹni tí wọ́n ṣe lóore. Ọ̀kan nínú wọn ni ère orí 108 tí Prune Nourry, oníṣẹ́ ọnà ará Faransé, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fi amọ̀ mọ ní Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n sì pàtẹ ní ìlú Èkó ní ọdún 2022. Àkọlé rẹ̀ sọ pé ère a máa mí. Èyí jẹ́ èsì sí Les statues meurent aussi, fíìmù ọdún 1953 tí ó sọ pé ère a máa kú.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 2014 ni Boko Haram kó akẹ́kọ̀ọ́bìnrin 276 lọ ní Chibok. Wọ́n fi púpọ̀ nínú wọn fún àwọn oníbọn. Ìgbéyàwó ni àwọn ajínigbé pè é. Ìfipábánilòpọ̀ ni àwa ń pè é. Àwọn tí kò tíì padà ni orí wọ̀nyí dúró fún. Àwọn ère Ifẹ̀ àtijọ́ ni a fi ṣe àwòkọ́ wọn, ṣùgbọ́n irun dídì wọn yàtọ̀ síra. Lójú Yorùbá, orí ju ẹ̀yà ara lọ: òun ni ìpín tí ẹ̀dá yàn kí ó tó wáyé. Ẹni tí ó bá mọ orí fún ọmọ tí ó sọnù ń wí pé ìpín ọmọ náà kò sí lọ́wọ́ ajínigbé. A kí wọn kú iṣẹ́.

Síbẹ̀, orí ni ó ń gbé ojú. Ojú yẹ ẹni tí a ń wá. Ẹni tí ó ti padà ńkọ́, tí ó ń bẹ̀rù pé àwọn ará ọjà yóò nawọ́ sí òun àti ọmọ tí ó pọ̀n? Ẹ̀rù ń bà wá kí òǹwòran má baà fi ara fífúyẹ́ lọ sílé, kí ẹni tí a ṣe léṣe sì wà ní ìkọ̀kọ̀ síbẹ̀.

Ní Pristina, olú-ìlú Kosovo, Alketa Xhafa Mripa gba ọ̀nà mìíràn ní oṣù kẹfà ọdún 2015. Nítorí àwọn tí a fipá bá lò pọ̀ nígbà ogun ọdún 1998 sí 1999, ó sá aṣọ obìnrin bí 5,000 sórí okùn ní pápá ìṣeré bọ́ọ̀lù. Kò sí ojú, kò sí orúkọ. Obìnrin tí ọ̀rọ̀ kàn lè fi aṣọ tirẹ̀ sí i, kí ẹnikẹ́ni má mọ èyí tí ó jẹ́ tirẹ̀. Àwọn àgbà ní ènìyàn laṣọ. Níbẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn di aṣọ ìbora fún un.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa ní Parakou. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ọdún 2009, inú pápá ìṣeré ní Conakry gan-an ni àwọn ọmọ ogun Guinea ti fipá bá àwọn obìnrin lò. Ilé ẹjọ́ dá àwọn ọ̀gá wọn lẹ́bi ní ọdún 2024. Ìdájọ́ fi ẹni tí ó jẹ̀bi hàn. Kò fi aṣọ bo ẹni tí a tú sí ìhòòhò.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ẹ fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ tó po amọ̀, ẹ kọ́kọ́ bi obìnrin náà bóyá ojú rẹ̀ ni ó fẹ́ kí a rí tàbí aṣọ rẹ̀. Bí ó bá ní òun kò fẹ́ èyíkéyìí, ẹ gbà fún un. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni agbára láti kọ̀. Iṣẹ́ ọnà tí kò bá dá a padà fún un kò tíì wo ọgbẹ́ kankan.