Ẹni tó wo iṣẹ́ kó tó wo kọ̀ǹpútà

Ní àwọn ilé ìwòsàn alábọ́dé tó wà ní Kétu àti Ìkòsì, ọwọ́ nọ́ọ̀sì tó ń kọ nǹkan sínú rẹ́jísítà ni ìṣirò ìlera Nàìjíríà ti ń bẹ̀rẹ̀: aláboyún tó wá, ọmọ tó gba àjẹsára, ẹni tí ibà ń ṣe. Bí oṣù bá parí, wọ́n á rò ó pọ̀ sórí fọ́ọ̀mù, fọ́ọ̀mù á dé ọ̀dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ sínú DHIS2, sọ́fítíwíà tí Yunifásítì Oslo ní Norway ṣe. Láti 2003 ni Èkó ti dá Agboyi-Ketu àti Ikosi-Isheri sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí agbègbè ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ (LCDA) lára Kosofe, ṣùgbọ́n ìjọba ìbílẹ̀ 774 ni ìwé òfin Nàìjíríà mọ̀, nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Kosofe nìkan ló sì wà níbẹ̀. Iye kan náà ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó ń gbà ò rọrùn.

Mi ò mọ ẹni tó fi ojú tó mú wo irú ìrìn àjò ìwé bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá tó Ọ̀jọ̀gbọ́n Abímbọ́lá Soriyan, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀. Ní 1989 ni ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà wọn, ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ yunifásítì náà àti Yunifásítì Kuopio ní Finland dáwọ́ jọ. Mikko Korpela ló ti Finland wá. Wọ́n mú ètò tí àwọn ọsibítù ológun-fẹ̀yìntì Amẹ́ríkà fi ń mọ ẹni tó wọlé, ẹni tó jáde àti ẹni tó pààrọ̀ wọ́ọ̀dù, wọ́n tún un ṣe títí ó fi bá Ifẹ̀ mu. Ní 1992, Soriyan, Korpela, Daini àti Ojo kọ ìròyìn ọdún àkọ́kọ́ síta. Èyí wù mí, nítorí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ò ní sọ̀rọ̀ àfi bí ìtàn bá ti dán tán. Lẹ́yìn náà ni MINPHIS, sọ́fítíwíà ọsibítù wọn, jáde, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ yangàn pé Nàìjíríà la ti ṣe é. Ifẹ̀ náà ló gba àpérò HELINA àkọ́kọ́, lórí lílo kọ̀ǹpútà fún ìlera ní Áfíríkà, lálejò ní 1993.

Àmọ́ ibi tí iṣẹ́ Soriyan ti dùn mọ́ mi jù ni àpilẹ̀kọ tí òun, Korpela àti Olufokunbi gbé jáde ní 2000. Kí wọ́n tó kọ ìlà sọ́fítíwíà kan, wọ́n á béèrè: kí ni iṣẹ́ yìí wà fún? Àwọn wo ló jọ ń ṣe é? Kí ló ń kúrò lọ́wọ́ ta bọ́ sọ́wọ́ ta? Ẹ fi ìbéèrè yẹn wo agbọ̀n tòmátì ní ọjà Mile 12, láti ọwọ́ dírẹ́bà dé ọwọ́ alárù, dé ọ̀dọ̀ alágbàtà, dé orí àtẹ. Ẹni tó bá wo alárù nìkan ò lè ṣe ìṣirò ọjà náà. Fáìlì aláìsàn náà rí bẹ́ẹ̀. Ìtọ́jú ni dókítà ń wá nínú rẹ̀, akáúńtì ń wá owó, olùwádìí ń wá iye àrùn. Bí kọ̀ǹpútà bá gbọ́ ti ẹnì kan ṣoṣo, àwọn yòókù á padà sídìí ìwé wọn.

Ní 2001, òun, Korpela àti Anja Mursu tún gbé àkàbà kalẹ̀: ènìyàn kan, ẹgbẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀, iléeṣẹ́, àwùjọ. Ìpele kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní ká wò ó látinú, ká tún wo bó ṣe ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ lò. Kíkà rẹ̀ le, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n tàn yín. Ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kún inú rẹ̀. Síbẹ̀ ẹni tó bá gun àkàbà náà tán á mọ ìdí tí nọ́ọ̀sì Kétu fi lè ṣiṣẹ́ rẹ̀ péye, kí àṣìṣe sì tún wà nínú iye tó dé Àbújá. Ní 2004 ni Soriyan gba oyè ọ̀mọ̀wé, ọdún 15 lẹ́yìn tí iṣẹ́ Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Àpilẹ̀kọ wọn kan wà tó ti jáde ṣáájú ìwọ̀nyí, ní 1998, níbi tí àwọn ará àdúgbò ti jẹ́ ẹnì kẹta nídìí ètò náà, pẹ̀lú yunifásítì àti àwọn oníṣègùn. Sọ́fítíwíà ọsibítù tí wọ́n ń tà káàkiri Èkó lónìí pọ̀, ṣùgbọ́n bóyá la rí èyí tí wọ́n pe alátà Mile 12 sí ìpàdé rẹ̀.