Ta Ló Ń Sọ Òrìṣà Di Òrìṣà? Àyẹ̀wò Èrò Karin Barber Láti Òkukù



Ní ọdún 1981, Karin Barber tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nínú ìwé ìmọ̀ tó ń jẹ́ Africa. Àkọlé rẹ̀ ni "How Man Makes God in West Africa". Òkukù ló ti gba ọ̀rọ̀ náà, nítorí ó gbé ibẹ̀ láàárín 1974 sí 1977, ó gbọ́ èdè wa, ó sì jókòó ti àwọn obìnrin tó ń ki oríkì. Ibẹ̀ náà ni ìwé ńlá rẹ̀ ti 1991, I Could Speak Until Tomorrow, ti ṣẹ̀ wá. Ọ̀rọ̀ ilé ni fún àwa ará Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù. Kò yẹ kó jẹ́ ará òkèèrè nìkan ni yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Kí ni Barber wí? Ó ní olórìṣà mọ̀ pé akitiyan òun ló ń gbé òrìṣà òun ga. Bí ẹbọ bá ń lọ, tí oríkì ń dún, tí èrò ń pọ̀ lójúbọ, agbára òrìṣà yóò máa hàn. Bí kò bá gbọ́ ẹ̀bẹ̀, olùsìn lè yà sọ́dọ̀ òmíràn. Ó fi èyí wé bí gbajúmọ̀ ṣe ń di ẹni ńlá láàárín wa: àwọn tó ń tẹ̀ lé e ló sọ ọ́ di ńlá. Ó sì tẹnu mọ́ ọn pé ìmọ̀ yìí kì í ṣe iyèméjì, pé òun gan-an ló ń mú olórìṣà tẹra mọ́ ìsìn.

Òdodo pọ̀ níbẹ̀. Ṣebí àwọn àgbà ló ní bí ènìyàn ò sí, imalẹ̀ ò sí. Ẹ gbé ìwé Bọ́lájí Ìdòwú ti 1962, Olódùmarè: God in Yoruba Belief, tì í. Àlùfáà Mẹ́tọ́díìsì ni Ìdòwú. Òkè ló ti bẹ̀rẹ̀: Olódùmarè lọ́ba, àwọn òrìṣà ni ìránṣẹ́ rẹ̀, ohun gbogbo wà létòlétò. Ìsàlẹ̀ ni Barber ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́nu ẹni tó ń bọ òrìṣà. Ní tèmi, ọ̀nà Barber ló sún mọ́ ojúbọ jù. Ṣùgbọ́n ibi méjì wà tí mo ti dúró.

Èkíní, oríkì jẹ́ pípè. Ẹni tó ń pe òrìṣà ń bẹ̀ ẹ́, ó ń pọ́n ọn, nígbà mìíràn ó ń bá a ṣeré. Ọmọ tó bá sọ pé, "Ìyá mi, bí ẹ ò bá fún mi lóúnjẹ, ta ni yóò sin yín?" kò sọ pé òun ló bí ìyá òun. Ìpè ni ìpè, kì í ṣe àlàyé bí nǹkan ṣe bẹ̀rẹ̀.

Èkejì ni ti Ifá. Tí a bá ń ṣe ìkọsẹ̀dáyé fún ọmọ ọjọ́ mẹ́ta, ọmọ náà ò lè sọ̀rọ̀, kò yan òrìṣà kankan. Ifá, ẹlẹ́rìí ìpín, ló ń sọ ohun tí Orí ọmọ náà bá wá. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí ènìyàn bá sì kúrò nídìí òrìṣà kan lọ sídìí òmíràn, òpèlè ló darí rẹ̀. Gbajúmọ̀ kò mọ ìpín àwọn tó ń tẹ̀ lé e. Ibẹ̀ ni àfiwé yẹn ti ṣẹ́.

Kí ló dé tí mo fi ń wa ọ̀rọ̀ yìí dé ìdí? Mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì ni èrò púpọ̀ ń lọ nílùú wa báyìí. Bí ó bá jẹ́ ènìyàn nìkan ló ń gbé òrìṣà ró, a jẹ́ pé òrìṣà tí olùsìn rẹ̀ kù díẹ̀ ti ń kú lọ nìyẹn. Ṣé ohun tí a ó sọ fún àwọn ọmọ wa nìyí?

Tí wọ́n bá bi wá pé, "Kí ni ìgbàgbọ́ yín?", ọ̀rọ̀ náà kì í rọrùn lẹ́nu, nítorí "ìgbàgbọ́" ti di ti àwọn Kìrìsìtẹ́nì, àwọn là ń pè ní onígbàgbọ́. Bíbọ àti sísìn ni tiwa, iṣẹ́ ọwọ́ sì ni méjèèjì. Síbẹ̀, ó yẹ kí ẹni tó ń bọ lè sọ ohun tó mọ̀ lọ́kàn. Ẹ jẹ́ n sọ tèmi.

Mo gbà pé òrìṣà ti wà kí n tó dé, yóò sì wà lẹ́yìn mi. Odò Ọ̀tìn ń ṣàn, bóyá èèyàn mẹ́wàá ló wá sí ọdún rẹ̀ tàbí ẹgbẹ̀rún. Ohun tó wà lọ́wọ́ wa ni ojúbọ, orúkọ, oríkì àti ẹbọ. Bí a bá dákẹ́, àjọṣe ló kú, kì í ṣe òrìṣà. Àwa la pàdánù, kì í ṣe òun. Mo gbà pé Orí mi ló ṣáájú, nítorí Orí là bá bọ, à bá f'òrìṣà sílẹ̀. Bí Olódùmarè ṣe rí, n kò lè sọ ọ́, Ifá ò sì bi mí.

Ní ọdún 2005, UNESCO kéde Ifá gẹ́gẹ́ bí ohun ìní iyebíye fún gbogbo ayé. Ó dára, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí kì í bọ òrìṣà. Barber gbọ́ ohùn àwọn ìyá wa, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó ku kí àwa náà kọ tiwa. Kí awo kọ̀ọ̀kan jókòó, kó sọ ohun tí òun gbà gan-an, kì í ṣe ohun tí ìwé ní ó yẹ kó gbà. Bí tiyín bá ta ko tèmi, ẹ mú un wá. Òun náà ni a ń pè ní ìmọ̀.