Ìsìnkú Ọba Nínú Ẹ̀rọ Amóhùnmáwòrán

Ìròyìn kò tó àfojúbà, ni àwọn àgbà máa ń wí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ti gbé àfojúbà wọ inú ilé wa. Ó sì yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ohun tí à ń fi ojú bà nínú rẹ̀ pé tàbí kò pé.

Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsán-án, ọdún 2022, ni a sin Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwa ọ̀rẹ́ mélòó kan péjọ láti wò ó. Lójú tèmi, ibi tí àwọn alálàyé gbé pa ẹnu mọ́ ni iṣẹ́ wọn gbé dára jù lọ. Àwọn atukọ̀ ogun 142 fa kẹ̀kẹ́ àgbá tí a gbé pósí lé. Ní Windsor, a ṣí adé kúrò lórí pósí, a gbé e sórí pẹpẹ. Olórí àwọn òṣìṣẹ́ ààfin sì ṣẹ́ ọ̀pá oyè rẹ̀ sí méjì. Ta ni kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀? Oyè tán lórí ẹni náà, ṣùgbọ́n adé kò bá a wọ ilẹ̀.

Àbùkù ibẹ̀ ni pé ẹwà náà fẹ́ bo ìtàn mọ́lẹ̀. Ẹni tí à ń sin yìí jẹ́ ọbabìnrin Nàìjíríà pẹ̀lú, láti ìgbà òmìnira ní 1960 títí di 1963 tí a fi ààrẹ rọ́pò rẹ̀. Ọ̀rẹ́ wa kan béèrè pé, “Àwọn wo ni adé yìí ti jọba lé lórí rí, kí ni wọ́n sì gbà fún un?” Ẹ̀rọ kò bi wá bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó jókòó tì wá ni ó bi wá, àríyànjiyàn sì bẹ́ sílẹ̀.

Nígbà tí ó di alẹ́, ìdílé nìkan ni ó wà níbi tí wọ́n gbé gbé e wọ inú ibojì. A kò fi èyí hàn wá. Mo yin ìpamọ́ náà. Láàrin àwa Yorùbá, ọba kì í kú, ó wàjà ni. Ètò rẹ̀ kì í sì í ṣe ìran ọjà. Ó yẹ kí àwọn tí ń fi fóònù lé òkú ọba kiri lóde òní ronú sí i.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá fi irú àwòrán báyìí han àwọn ọmọ, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dá wò ó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí, kí wọ́n sì béèrè ohun tí a kò fi hàn wọ́n àti ìdí rẹ̀.