Orúkọ Tí A Kò Gbọ́: Stephen Black Láàárín Àwọn Onídán Méjì

Àwa mẹ́rin la jọ wo Jonathan Strange & Mr Norrell lórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, a dá owó dátà jọ, a sì fi òru méjì wo apá méjèèje tán. Nígbà tó parí, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nípa àwọn onídán méjì tí wọ́n fi orúkọ wọn pe eré náà. Ọ̀rọ̀ Stephen Black la ń bá ara wa jà lé lórí títí ilẹ̀ fi mọ́.

Fún ẹni tí kò tíì wò ó: BBC ló gbé eré yìí jáde lọ́dún 2015. Inú ìwé ìtàn àròsọ Susanna Clarke, tó jáde lọ́dún 2004, ni wọ́n ti mú un. Peter Harness ló kọ ọ́ fún tẹlifíṣọ̀n, Toby Haynes ló darí rẹ̀. Ilẹ̀ England ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, lásìkò tí wọ́n ń bá Napoleon jagun. Wọ́n ní idán pọ̀ nílẹ̀ náà láyé àtijọ́, àmọ́ ó ti lọ. Àwọn tó ń pe ara wọn ní onídán, ìwé lásán ni wọ́n ń kà, wọn ò lè pa idán kankan. Àfi ìgbà tí Ọ̀gbẹ́ni Norrell (Eddie Marsan) yọjú, tó mú kí àwọn ère òkúta inú kàtídírà York máa sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Jonathan Strange (Bertie Carvel) dé, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń fi iyanrìn etíkun ṣe ẹṣin. Norrell di ọ̀gá, Strange di ọmọ ẹ̀kọ́, nígbà tó sì yá, àwọn méjèèjì dọ̀tá.

A ò ní purọ́, eré náà dùn. Idán ibẹ̀ ò dà bíi ti àwọn fíìmù tí iná aláwọ̀ búlúù ń jáde lọ́wọ́ èèyàn ṣáá. Òkúta ni wọ́n fi ń pa á, òjò, dígí, iyanrìn. Ó ń dẹ́rù bani nítorí pé ó jọ ohun tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ lè ṣe.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ ni pé Norrell fẹ́ kí ìjọba mọ òun. Ìyàwó àfẹ́sọ́nà Sir Walter Pole, ọkùnrin olóṣèlú kan, kú. Norrell wá pe iwin kan kó jí obìnrin náà dìde. Marc Warren ló ṣe iwin yìí, irun rẹ̀ funfun bí òwú, ojú rẹ̀ sì tutù bí ojú ejò. Iwin ní òun á ṣe é, àmọ́ ìdajì ayé obìnrin náà di tòun. Norrell rò pé ìdajì ọdún tó kù ló ń sọ. Iwin mọ ohun tó ní lọ́kàn: lálaalẹ́ ni Lady Pole ń lọ jó nílé iwin, ní Lost-hope, títí ilẹ̀ á fi mọ́. Tó bá fẹ́ sọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí, ìtàn mìíràn tí kò lórí tí kò nídìí ni ẹnu rẹ̀ ń sọ.

Inú ilé yẹn ni Stephen Black wà. Òun ni olórí àwọn ìránṣẹ́ Sir Walter. Inú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n bí i sí, ẹrú ni ìyá rẹ̀, ìyá náà sì kú sínú ọkọ̀. Stephen Black ni orúkọ tí wọ́n fún un ní England. Èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, kò mọ̀ ọ́n.

Iwin yìí rí Stephen, ó ní ẹni ẹ̀yẹ ni, ó ní adé ló yẹ orí rẹ̀. Ó ń mú un lọ síbi ijó lálaalẹ́, ó sì ń ṣèlérí pé òun á sọ ọ́ dọba. Stephen ò bẹ̀ ẹ́. Tó bá sọ pé òun ò fẹ́, iwin ò gbọ́. Ẹ̀yin náà mọ irú olóore báyìí. Ẹni tó ní òun máa dáṣọ fún wa, ti ọrùn rẹ̀ là ń wò, àbí? Ọkùnrin tó ń ṣèlérí òmìnira fún Stephen ló tún ń fi ìdè mìíràn dè é.

Síbẹ̀, òun nìkan ló bi Stephen nípa orúkọ. Ó fi ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ọkọ̀ yẹn hàn án, ó sì ní òun á wá orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ rí. Ibẹ̀ la ti dá eré náà dúró. Ọ̀kan nínú wa ní, "Abíọ́nà ni. Ọmọ tí wọ́n bí sójú ọ̀nà, kí ni wọ́n á tún pè é?" A rẹ́rìn-ín, a tún bẹ̀rẹ̀ sí í ju orúkọ mìíràn sí i. Ni ìkan bá sọ pé, "Ẹ gbọ́ ná. Ta ló ní kí ẹ sọ ọ́ lórúkọ?"

Ilé dákẹ́. Nítorí òótọ́ ni. Ìtàn náà ò sọ pé Yorùbá ni ìyá rẹ̀. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, a ò sì mọ ilé rẹ̀. Ohun tí àwọn ará ilé olówó rẹ̀ ṣe, tí iwin náà fẹ́ ṣe, làwa náà ń ṣe yẹn, orí bẹ́ẹ̀dì, pẹ̀lú ẹ̀pà lọ́wọ́.

Èyí mú wa rántí Àjàyí Crowther. Nígbà tí wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn lọ́dún 1821, ó ti dàgbà tó láti mọ orúkọ ara rẹ̀. Wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un lọ́dún 1825, wọ́n sọ ọ́ ní Samuel Crowther, síbẹ̀ Àjàyí ò sọnù. Òun la ṣì ń pè é títí dòní. Ọmọ tí wọ́n bí sínú ọkọ̀, tí ìyá rẹ̀ kú, ta ló máa bá a rántí?

Eré náà parí, a ò gbọ́ orúkọ náà. Inú bí méjì nínú wa: a jókòó fún nǹkan bíi wákàtí méje, wọn ò wá sọ ọ́! Àmọ́ bí a ṣe ń rò ó, a gbà pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe dáadáa jù. Ká ní wọ́n kàn fi orúkọ "Áfíríkà" kan sí iwin lẹ́nu níparí, irọ́ tó dùn ni ì bá jẹ́. Ọ̀pọ̀ orúkọ tí òwò ẹrú kó lọ, wọn ò padà wá.

Ohun tí a bá eré náà jà sí yàtọ̀. Lápá keje, Strange àti Norrell fẹ́ rán agbára idán sí Ọba Ìwò, tó dá idán ilẹ̀ náà sílẹ̀. "Ẹrú tí kò lórúkọ" ni wọ́n fi pè é, nítorí pé bẹ́ẹ̀ lòun náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Agbára yẹn bá gba ọ̀dọ̀ Stephen lọ. Ẹ wò ó bó ṣe rí: àwọn ọ̀mọ̀wé méjèèjì ò rò ó sí, wọn ò ní in lọ́kàn rárá. Àṣìṣe ló gbé agbára dé ọwọ́ rẹ̀. Ó fi pa iwin náà, ẹni kan ṣoṣo tó ń bá a wá orúkọ. Òmìnira dé, ọ̀nà orúkọ sì dí lọ́jọ́ kan náà.

Ọ̀rọ̀ tó tóbi tó yẹn, eré náà sáré kọjá lórí rẹ̀! Àwọn onídán méjì ló ń kánjú padà tọ̀ lọ. Ìwé Clarke fún Stephen láyè: ó ju orúkọ oko ẹrú nù, ó di ọba nílé tí wọ́n ti ń fipá mú un jó. Lórí tẹlifíṣọ̀n, a ò ráyè bá a ṣọ̀fọ̀ orúkọ tó lọ, a ò sì ráyè bá a yọ̀.

Ohun tó gba eré náà là ni ẹni tó ṣe Stephen. Ojú ló fi ń sọ ohun tí wọn ò kọ fún un. Tó bá dúró lẹ́yìn àga ọ̀gá rẹ̀ tí kò sọ nǹkan kan, òun lèèyàn á máa wò. Nígbà tí orúkọ àwọn òṣèré ń kọjá níparí, a ka tirẹ̀: Ariyon Bakare. Bakare! Orúkọ tí a ń gbọ́ nílé ìwé, ní mọ́sálásí, ní ọjà. Ẹni tó ní orúkọ tí gbogbo wa mọ̀ ló wá ṣe ẹni tí kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀.

Ẹ wò ó. Tí ẹ bá dé ibi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yẹn, ẹ má sọ ọmọ náà lórúkọ.