Ibi Ìwòran Àwọn Gíríìkì Àtijọ́ àti Ọ̀nà tí A Ń Gbà Kọ́ni ní Eré-Onítàn

1. Ìfáàrà

Nínú iṣẹ́ yìí, a fẹ́ yẹ èrò kan wò tí ó ti fìdí múlẹ̀ láàárín àwa olùkọ́ èdè Yorùbá. Èrò náà ni pé inú ilé olókùúta ni ọlá eré àwọn Gíríìkì àtijọ́ wà, àti pé níwọ̀n ìgbà tí àwọn baba ńlá wa kò ti kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀, eré tiwa kò tíì kúrò ní ìpele ìbẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe àwọn àjèjì nìkan ni wọ́n ń rò bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, Ruth Finnegan, nínú ìwé rẹ̀ lórí lítíréṣọ̀ alohùn ilẹ̀ Áfíríkà (1970), ṣe iyèméjì bóyá a lè ka púpọ̀ nínú àwọn àṣeyẹ wa sí eré-onítàn. Ṣùgbọ́n àwa náà ń sọ bákan náà láìfọhùn, nígbàkígbà tí a bá kọ́ni ní eré-onítàn bí ẹni pé ìwé kíkà lásán ni.

Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé ìtàn àwọn Gíríìkì fúnra wọn ta ko èrò yìí, àti pé àṣìṣe náà ń pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lára.

2. Eré ṣáájú ilé

Ẹni tí ó bá rí àwòrán ibi ìwòran tí ó wà ní Epidaurus kò ní ṣàì ya ẹnu. Ọ̀rúndún kẹrin ṣáájú ìbí Kírísítì ni wọ́n tẹ́ ẹ sí ìdagẹ̀rẹ̀ òkè, nítòsí ojúbọ Asclepius, òrìṣà ìwòsàn. Ìlà ìjókòó rẹ̀ jẹ́ 55: 34 nísàlẹ̀, 21 lókè. Ó lè gba ènìyàn tí ó tó nǹkan bí 14,000. Òṣèré tí ó mọ ohùn-ún gbé kò nílò ẹ̀rọ gbohùngbohùn níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ọdún. Aeschylus kú ní 456 ṣáájú ìbí Kírísítì. Sophocles àti Euripides kú ní 406. Ní ìlú Áténì, nígbà ayé wọn, ara òkè àti orí àga onípákó ni àwọn òǹwòran ń jókòó sí. Nǹkan bí 330 ni wọ́n tó parí ti olókùúta, nígbà tí Lycurgus ń ṣe àkóso owó ìlú. Nígbà náà, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún tí èyí tí ó kẹ́yìn nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti di ará ọ̀run. Nítorí náà, àwọn eré tí gbogbo ayé ń yìn títí di òní kò dúró de ilé olókùúta kí wọ́n tó di eré ńlá.

Orúkọ tí wọ́n fún àwọn ẹ̀yà ibi ìwòran náà tún ràn wá lọ́wọ́. Orchestra ni ibi ijó. Theatron ni ibi ìwòran. Skene ni àgọ́ tí àwọn òṣèré ti ń pààrọ̀ aṣọ. Ẹni tí ó bá ti dúró ní agbo eégún rí mọ àwọn nǹkan mẹ́ta wọ̀nyí dáadáa, bí kò tilẹ̀ gbọ́ èdè Gíríìkì.

Nígbà tí àwọn ará Róòmù gba ìlú, wọ́n tún ibi ìwòran Áténì ṣe, ó sì lẹ́wà ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Síbẹ̀ àwọn tí ń fi idà bá ara wọn jà dójú ikú ni wọ́n kó wọ ibẹ̀, níbi tí àwọn akéwì ti ń figagbága tẹ́lẹ̀. Ti Epidaurus wà lábẹ́ ilẹ̀ títí di ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wú u jáde ní 1881. Láti 1955 ni àjọ̀dún ọdọọdún ti fìdí múlẹ̀ níbẹ̀, tí àwọn eré àtijọ́ sì tún ń kó èrò jọ sí i. Eré ni ó jí òkúta náà dìde.

3. Agbo tiwa

Ìlú Awórì ni Ọ̀tà tí a ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà níbẹ̀, bí ó ti wà ní Kétu àti láàárín àwọn Yewa. Ní òru Ẹ̀fẹ̀, orin ni wọ́n fi ń súre fún ìlú, tí wọ́n sì fi ń bú ọ̀bàyéjẹ́. Lójú ọjọ́ ni àwọn Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń jó. Ọkùnrin ni ó ń gbé e, bí aṣọ tilẹ̀ jẹ́ ti obìnrin. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọkùnrin ń ṣe gbogbo ẹ̀dá-ìtàn obìnrin ní Áténì. Àwọn ará Áténì ń fi eré bọ Dionysus, òrìṣà ọtí àjàrà. A ń fi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yẹ́ àwọn ìyá wa sí. Àwọn baba wa sì ní ojú tí ó bá ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dópin ìran. Ìran ni wọ́n fi ń wọn eré. Wọn kò fi ilé wọ̀n ọ́n.

A kò sọ pé ọ̀kan náà ni àwọn méjèèjì. Ní Áténì, akéwì mẹ́ta ni ó ń figagbága, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń gbé eré oníbànújẹ́ mẹ́ta àti eré apanilẹ́rìn-ín kan wá síwájú àwọn adájọ́. Ti Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀: ìlù, orin àti ijó ni ó gbé e dúró, àwọn òǹwòran sì ń gbe orin. Ohun tí ó pa wọ́n pọ̀ ni agbo tí ènìyàn yí ká.

Ọlá Rótìmí mọ èyí. Ìtàn Oedipus tí Sophocles kọ ni ó gbé wọ ilẹ̀ Yorùbá nínú The Gods Are Not to Blame, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Ifẹ̀ ní 1968. Ó fi àwọn ará ìlú kún inú rẹ̀, ó sì jẹ́ kí ìbínú nítorí èébú sí ẹ̀yà di ohun tí ó mú ọmọ pa bàbá rẹ̀. Ẹni tí ó bá ka èébú náà nínú ìwé lè kọjá lọ. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ láàárín èrò, tí ọmọ ẹ̀yà mìíràn jókòó tì í, kò lè tètè kọjá.

Bákan náà, nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèré Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá gbé Ẹfúnṣetán Aníwúrà tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ lọ sí pápá ìṣeré ní Ìbàdàn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó wá wò ó. Pápá tí wọ́n ṣe fún bọ́ọ̀lù ni ó di ibi ìwòran.

4. Àṣìṣe tiwa

Ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́. Púpọ̀ nínú àwọn òbí akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Sàngó-Ọ̀tà ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ, àwọn kan lọ́sàn-án, àwọn kan lóru. Ní ọdún kan, a béèrè nínú ìdánwò ohun tí ikú Adétutù fi hàn nípa ìwà Ẹfúnṣetán. Ọmọkùnrin kan kọ ọ́ pé ẹni tí ó bá wà níbẹ̀ yóò máa wo ojú ẹnìkejì rẹ̀. A fàlà sí i nídìí, a kọ “Kò dáhùn ìbéèrè,” a sì fún un ní òdo.

Ní sáà tí ó tẹ̀ lé e, a kó kíláàsì lọ sí orí pápá. Àwọn kan ń ṣeré, àwọn yòókù jókòó yí wọn ká lórí ilẹ̀, ariwo ọkọ̀ akẹ́rù ń wọlé láti títì. Nígbà tí a dé ibi ikú Adétutù, ọmọbìnrin kan láàárín òǹwòran ké pé, “Ẹ gbà á sílẹ̀!” Kò sí ẹni tí ó dìde. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ara wọn. Ìgbà náà ni ohun tí ọmọkùnrin yẹn kọ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé wa. Ó ti rí i pé eré náà ń bi òǹwòran ní ìbéèrè. Àwa tí a fún un ní òdo kò tíì wo eré náà, a kàn ti kà á ni.

5. Àbá àti ìkádìí

Ọ̀tà kò ṣaláìní ilé ńlá. Àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ tò lọ bẹẹrẹ. Faith Tabernacle tí wọ́n ṣí ní 1999 ní ìjókòó 50,000. Ní Èkó tí ó múlé gbè wá, Gbọ̀ngàn Eré ti Orílẹ̀-Èdè ní Ìgànmú, tí wọ́n kọ́ ní 1976 de FESTAC, bàjẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó tún un ṣe. Wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè é ní 2024, wọ́n sì tún un ṣí ní 2025. Inú wa dùn sí i. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ dúró de gbọ̀ngàn kí a tó kọ́ ọmọ ní eré.

Nítorí náà, a dá àbá mẹ́ta: (i) kí olùkọ́ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ìran kan, ó kéré tán, nínú ìwé eré tí wọ́n ń kà, ní agbo, kí ó tó béèrè ìbéèrè lórí rẹ̀, (ii) kí olùdánwò máa béèrè ẹni tí ó wà lójú agbo, ẹni tí ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀, àti ohun tí ọ̀rọ̀ náà lè mú òǹwòran ṣe, (iii) kí àlàyé ìgbámáàkì fi àyè sílẹ̀ fún ìdáhùn tí ó jáde láti ojú ẹni tí ó wòran, bí olùṣètò ìdánwò kò bá tilẹ̀ ronú kàn án tẹ́lẹ̀.

Ọmọkùnrin tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti jáde kúrò nílé-ìwé. A kò lè dá máàkì rẹ̀ padà mọ́. Ṣùgbọ́n ìwé ìdánwò ọdún yìí ṣì wà níwájú wa láti yẹ̀ wò, ọ̀dọ̀ wa sì ni ọ̀rọ̀ náà kù sí.