Ta Ló Ni Ijó Vogue?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí ijó vogue: ọwọ́ oníjó á máa yí lójú afẹ́fẹ́, á sì dúró gbagidi lójijì bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ya ní fọ́tò. Èmi rò pé Madonna ló dá a sílẹ̀ ní 1990. Àṣé irọ́ ni! Paris Is Burning, fíìmù Jennie Livingston tó jáde lọ́dún yẹn kan náà, ló là mí lójú.

Àwọn gay aláwọ̀ dúdú àti Latino ní New York ló ni ijó náà, àwọn àti àwọn tí a bí ní ọkùnrin tí wọ́n ń gbé ayé bí obìnrin. Wọ́n máa ń pàdé ní Harlem láti fi aṣọ, ìrìn àti ijó díje. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ "house". Nígbà tí mo ń túmọ̀ rẹ̀ fún kíláàsì, mo kọ "ẹgbẹ́", mo pa á rẹ́, mo kọ "ilé". Torí ilé yìí ní ìyá, àwọn ọmọ sì ń jẹ́ orúkọ ilé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni òbí tó bí wọn ti lé jáde.

Ibi tó dùn jù fún mi ni ibi tí Dorian Corey ti ń ṣe ojú lóge níwájú dígí, tó ń ṣàlàyé "shade" bí olùkọ́. (Ó jọ kéèyàn pa òwe mọ́ ẹnì kan, kí onítọ̀hún má sì rí ibi tí yóò ti bínú.) Ọ̀rọ̀ yẹn ti wà lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ káàkiri báyìí, àwọn tí wọn ò gbọ́ orúkọ Corey rí.

Àmọ́ owó ńkọ́? Fíìmù náà pa ju mílíọ̀nù 3 dọ́là lọ ní sinimá. Nígbà tí àwọn kan nínú rẹ̀ fárígá, nǹkan bíi 55,000 dọ́là ni wọ́n pín fún èèyàn 13. bell hooks bá Livingston wí ní 1992 pé òun, òyìnbó obìnrin, fara pamọ́ sẹ́yìn kámẹ́rà. Mo gbà, ṣùgbọ́n kì í ṣe pátápátá: láìsí fíìmù yìí, báwo ni mi ò bá ṣe gbọ́ ohùn Corey?

Ti Madonna ló dùn mí jù. Ó gba Jose Gutierez àti Luis Camacho láti ilé Xtravaganza síṣẹ́, wọ́n sì bá a rìnrìn àjò. Síbẹ̀, orúkọ àwọn òṣèré Hollywood ló kà nínú orin "Vogue", kò dárúkọ ilé kan ṣoṣo. Ní 2022, Beyoncé àti òun gbé àtúnṣe "Break My Soul" jáde lórí ìlù "Vogue" yẹn, Beyoncé sì pe àwọn ilé náà lórúkọ, Xtravaganza wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 32! Angie Xtravaganza, ìyá ilé náà, ti kú láti 1993.